Ìránṣẹ́ Kékeré Tí Ń Gbé Oògùn Wọ Inú Ara

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún ti ẹ̀ka Ìbàdàn, ní Bódìjà

  

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ìwé sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìmọ̀ ìṣègùn, mo kọ́kọ́ rò pé kí n sọ̀rọ̀ nípa ìmọ́tótó tàbí nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, nítorí pé ìwọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ tí ó ti mọ́ wa lára. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti ń gbé ọkàn mi láti ìgbà èwe mi, mo sì rí i pé àkókò tó láti sọ ọ́ ní gbangba. Ọ̀rọ̀ náà ni ti oògùn tí a fi ọ̀rá wé, tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i, tí ó sì lè wọ inú ara ènìyàn lọ títí dé ibi tí oògùn mìíràn kò lè dé. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan ni. Mo mọ̀ dájú pé àwọn kan nínú yín tí ẹ jókòó níhìn-ín ti gba irú oògùn bẹ́ẹ̀ sí apá ní ọdún 2021 láìmọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ọmọ tí a pè ní àbíkú

Ní ọdún 1962 ni ìyá mi bí àbúrò mi ọkùnrin. Ọmọ méjì ti kú ṣáájú rẹ̀. Nítorí náà, orúkọ tí a sọ ọ́ ni èyí tí ń bẹ ọmọ pé kí ó dúró jẹ ayé. A so ṣaworo mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, a sín gbẹ́rẹ́ sí i lára. Gbogbo ohun tí àwọn àgbà mọ̀ ni wọ́n ṣe. Bí òjò bá rọ̀ tí òtútù sì mú, ọmọ náà yóò máa ké pé egungun ń ro òun. Funfun ojú rẹ̀ a sì máa dà bí ìyeyè. Ìyá mi ń ta aṣọ ní Dúgbẹ̀ nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni ó ti ìsọ̀ ní ọ̀sán gangan, tí ó pọn ọmọ, tí ó sì forí lé ilé ìwòsàn. Ní ọdún 1971, nígbà tí ọmọ náà di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó kú. Àwọn kan nílé sọ pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀run ni ó pè é. Ìyá mi kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ká aṣọ ọmọ náà, ó sì gbé e sí ìsàlẹ̀ àpótí.

Nígbà tí mo fẹ́ gbé ìyàwó ní ọdún 1988, a yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n sì sọ fún mi pé AS ni mí. Dókítà jókòó tì mí, ó ṣàlàyé ohun tí ìyẹn jẹ́, ó sì ka àwọn àmì àrùn náà fún mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: egungun ríro, ojú pípọ́n, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ jòjòló tí ń wú. Mo ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n àbúrò mi ni mo ń rí. Ìgbà náà ni ó tó yé mi pé kì í ṣe ẹgbẹ́ ọ̀run ni ó pa á. Àrùn inú ẹ̀jẹ̀ ni, èyí tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní fòní-kú-fọ̀la-dìde. Ìyá mi kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, bàbá mi kò da májẹ̀mú kankan. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni pé àwọn méjèèjì ni ó gbé àrùn náà sínú ẹ̀jẹ̀ láìsí pé ó ń yọ wọ́n lẹ́nu.

Àṣìkọ lẹ́tà kan ṣoṣo

Ní ọdún 1910 ni dókítà James Herrick ní Chicago kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé pé òun rí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tí ó tẹ̀ bí dòjé lára akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ti erékùṣù Grenada wá. Ní ọdún 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ tí ń gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ara ni ó yàtọ̀ lára àwọn tí àrùn yìí ń ṣe. Ní ọdún 1956, Vernon Ingram ní Cambridge rí i pé ẹ̀yọ kan péré ni ó yí padà nínú ohun pupa náà. Ìwé ìran tí olúkúlùkù wa gbà lọ́wọ́ òbí rẹ̀, tí a ń pè ní DNA, ní lẹ́tà tí ó tó ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù mẹ́ta. Nínú gbogbo rẹ̀, lẹ́tà kan ṣoṣo ni a ṣì kọ. Ẹ wo bí àṣìkọ kékeré ti lè di ẹkún ńlá.

Ìbàdàn yìí náà kò gbẹ́yìn nínú ìwádìí yìí. Ní ọdún 1948 ni a dá Yunifásítì kọlẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ níhìn-ín, ní ọdún 1957 ni a sì ṣí ilé ìwòsàn UCH. Ní ọdún 1970, Lucio Luzzatto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn tẹ iṣẹ́ kan jáde tí gbogbo ayé kà. Wọ́n fi hàn pé nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó jẹ́ AS, sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò ibà bá wọ̀ ni ó ń yára tẹ̀ bí dòjé ju èyí tí kòkòrò kò wọ̀ lọ. Ara sì máa ń kó irú sẹ́ẹ̀lì tí ó tẹ̀ bẹ́ẹ̀ dànù pẹ̀lú kòkòrò inú rẹ̀. Èyí ni ó jẹ́ kí a mọ ìdí tí AS fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wa: ó dáàbò bo àwọn baba ńlá wa lọ́wọ́ ibà. Nínú ènìyàn mẹ́rin ní Nàìjíríà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnì kan ni AS. Ṣùgbọ́n ohun tí ó gba baba là ni ó ń pa ọmọ, nígbà tí AS bá fẹ́ AS. A ṣírò rẹ̀ pé ọmọ tí ó tó 150,000 ni a ń bí pẹ̀lú àrùn yìí ní Nàìjíríà lọ́dọọdún, kò sì sí orílẹ̀-èdè mìíràn ní ayé tí tirẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀tá

Bí a bá ti mọ àṣìkọ náà, èé ṣe tí a kò tún un kọ? Ìbéèrè yìí ni ó gbé mi dé ọ̀dọ̀ ìránṣẹ́ kékeré tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ara ènìyàn dà bí ìlú ńlá, sẹ́ẹ̀lì sì ni ilé inú rẹ̀. Ẹ wo àwọn ilé tí ó wà ní Bódìjà níhìn-ín: ọgbà yí wọn ká, géètì wà lẹ́nu ọ̀nà, ọlọ́dẹ sì jókòó tì í. Bákan náà ni sẹ́ẹ̀lì rí. Awọ tí ó yí i ká jẹ́ ọ̀rá, kì í sì í jẹ́ kí ohun tí ó bá wù ú wọlé. Nínú ilé náà ni yàrá kan tún wà lọ́hùn-ún, níbi tí a gbé ń tọ́jú ìwé ìran. Bí a bá rán ẹnì kan láti Challenge pé kí ó jẹ́ iṣẹ́ ní ilé kan ní Agbowó, ó ní láti la Ring Road kọjá, kí ó gba Dúgbẹ̀, kí ó má ṣe ṣìnà, kí àwọn jàǹdùkú má ṣe gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò tó kan géètì. Ìrìnàjò tí oògùn ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ oògùn kò mọ ilé tí a rán an sí. Ẹ mọ ohun tí àwọn àgbà wí, pé òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀tá, ẹni eji rí ni eji ń pa. Bẹ́ẹ̀ ni oògùn jẹjẹrẹ kan tí ń jẹ́ doxorubicin rí. Ó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ó lè ba iṣan ọkàn aláìsàn jẹ́ pẹ̀lú. Ti oògùn tí ó jẹ́ àkọsílẹ̀ ìran tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá gún un ní ìhòòhò sínú ara, àwọn ohun tí ń gé nǹkan wẹ́wẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ yóò ti jẹ ẹ́ tán kí ó tó dé ibi kankan.

Ewé ẹ̀kọ

Ẹ̀yin ìyá wa mọ̀ pé a kì í fi ọwọ́ lásán gbé ẹ̀kọ gbígbóná fún ènìyàn. Ewé ni a fi ń dì í. Ewé náà kì í ṣe oúnjẹ, ṣùgbọ́n òun ni ó gbé oúnjẹ dé ẹnu. Nígbà tí a bá sì dé ibi tí a ń lọ, a ṣí i kúrò. Ohun tí àwọn onímọ̀ wá fún oògùn nìyẹn: ewé tí yóò dì í dáadáa ní ojú ọ̀nà, tí yóò sì ṣí nígbà tí ó bá wọ inú ilé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ọkùnrin ará Ìlú Ọba kan, Alec Bangham, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Babraham lẹ́bàá Cambridge, rí i pé bí a bá da irú ọ̀rá kan sínú omi, ọ̀rá náà yóò ká ara rẹ̀ jọ di hóró róbótó tí inú rẹ̀ ṣófo. Ìdí rẹ̀ ni pé orí ọ̀rá yìí fẹ́ràn omi, ìrù rẹ̀ sì kórìíra omi. Nítorí náà àwọn ìrù fara pamọ́ sáàárín, àwọn orí sì kọjú síta. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi ronú pé a lè fi oògùn sínú irú hóró bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1995, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn jẹjẹrẹ tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, tí a wé sínú ọ̀rá, tí ewu rẹ̀ fún ọkàn sì dín kù. Nílẹ̀ aláwọ̀ dúdú yìí náà, irú oògùn bẹ́ẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ rere. Ìwádìí kan tí a ṣe ní Botswana, Malawi, Uganda, Zimbabwe àti Gúúsù Áfíríkà, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2022, fi hàn pé ìwọ̀n ńlá kan ṣoṣo ti oògùn amphotericin tí a wé sínú ọ̀rá, pẹ̀lú oògùn oníhóró méjì mìíràn, gbéṣẹ́ tó ìtọ́jú àtijọ́ fún àrùn awọ ọpọlọ tí ń kọlu àwọn tí ó ní kòkòrò HIV. Ní ọdún náà gan-an ni Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà á níyànjú.

Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú hóró bẹ́ẹ̀ ní nanoparticle. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti kéré tó. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ìpín kan ni a ń pè ní nánòmítà. Hóró ọ̀rá tí mo ń sọ yìí kò ju nǹkan bí 100 nánòmítà lọ. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, lè gba irú hóró bẹ́ẹ̀ tí ó tó 70 bí a bá tò wọ́n láti etí kan dé èkejì. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Oríṣi ọ̀rá mẹ́rin ni a fi ń ṣe hóró ti òde òní tí ń gbé àkọsílẹ̀ ìran. Ọ̀kan ń mú kí ara rẹ̀ le. Ọ̀kan ń ràn án lọ́wọ́ kí ó dúró róbótó. Ọ̀kan wà ní òde rẹ̀ bí aṣọ, kí àwọn hóró má bàa lẹ̀ mọ́ra wọn, kí ara má sì tètè fura sí i. Èyí ẹ̀kẹrin ni àgbà nínú wọn, Pieter Cullis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Vancouver sì wà lára àwọn tí ó ṣe wàhálà lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀rá yìí jẹ́ẹ́jẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí hóró bá kan sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì rò pé oúnjẹ ni, ó sì fà á wọlé sínú àpò kékeré kan. Inú àpò náà a máa kan bí omi ògì ti ń kan. Bí ó ti ń kan ni ìwà ọ̀rá ẹ̀kẹrin ń yí padà. Ó di alágbára, ó ya àpò, ohun tí ó gbé sì bọ́ sínú ilé. Púpọ̀ nínú àwọn hóró ni kì í rí àpò yìí ya, inú rẹ̀ ni wọ́n ń parí sí. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó bọ́ ni ó ń jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an. Ní ọdún 2018 ni a kọ́kọ́ fọwọ́ sí oògùn tí ó ń rìn ní ọ̀nà yìí fún àrùn ìran kan tí ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́.

Ọdún kòrónà

Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni àrùn kòrónà kọ́kọ́ fara hàn ní Nàìjíríà. Gbogbo wa rántí bí géètì Yunifásítì ti wà ní títì, tí Agbowó sì dákẹ́ bí ẹni pé ìlú ti ṣí lọ. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́, ti AstraZeneca, dé sí orílẹ̀-èdè wa ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta ọdún 2021. Kòkòrò tí a ti sọ di aláìlè-ṣe-ibi ni ìyẹn gùn bí ẹṣin. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ ọdún náà ni mílíọ̀nù mẹ́rin ìwọ̀n ti Moderna dé láti Amẹ́ríkà. Èyí ni ó jẹ́ hóró ọ̀rá. Ohun tí ó gbé sínú ni mRNA, ìwé àṣẹ kékeré tí ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kí ó ṣe ẹ̀yà kan lára kòkòrò náà, kí àwọn ọmọ ogun ara lè mọ ojú ọ̀tá kí ó tó dé.

Àwọn ènìyàn sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ nígbà náà. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ náà yóò yí ìran ènìyàn padà. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn bí ó ti yẹ. mRNA kì í wọ inú yàrá tí ìwé ìran wà. Ìyẹ̀wù ìta ni ó ń dúró sí. A kà á, a ṣe iṣẹ́ inú rẹ̀, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó sì ti tú ká. Ó dà bí ìwé tí ìyá kọ sí ọmọ pé kí ó lọ ra ata wá. Ìwé náà kì í yí orúkọ ìdílé padà. Abẹ́rẹ́ náà ní ìnira tirẹ̀: apá dídùn àti ibà ọjọ́ kan tàbí méjì, àti ní ìgbà tí ó ṣọ̀wọ́n, wíwú iṣan ọkàn, pàápàá lára àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin. Ohun tí a mọ̀ ni kí a sọ, kí a má ṣe bò ó mọ́lẹ̀.

N kò sì ní fi àwọn tí ó bẹ̀rù ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló yóò sá. Ní ọdún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń jà ní Kánò, ilé-iṣẹ́ Pfizer dán oògùn kan tí ń jẹ́ Trovan wò lára àwọn ọmọdé. Àwọn ọmọ kan kú, ẹjọ́ sì dé ilé-ẹjọ́. Ilé-iṣẹ́ náà kò gbà pé oògùn òun ni ó pa wọ́n, ṣùgbọ́n ní ọdún 2009 ó bá ìjọba Kánò parí ọ̀rọ̀ pẹ̀lú mílíọ̀nù 75 dọ́là. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wá dán oògùn wò láàárín wa, ẹ̀tọ́ wa ni kí a béèrè ohun tí ó jẹ́, ẹni tí ó fọwọ́ sí i, àti ẹni tí yóò tọ́jú wa bí ó bá yíwọ́. Ìbéèrè yàtọ̀ sí àìgbàgbọ́. Ẹni tí ó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ ti Katalin Karikó, obìnrin ará Hungary tí ó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ẹni tí ó fẹ́ fi owó sórí iṣẹ́ rẹ̀ lórí mRNA. A tilẹ̀ rẹ ipò rẹ̀ sílẹ̀ níbi iṣẹ́. Ní ọdún 2005, òun àti Drew Weissman tẹ ọ̀nà kan jáde tí ara kò fi ní máa bínú sí mRNA àjèjì mọ́. Ní ọdún 2023, a fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn Nobel. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kàwé, tí ẹ rò pé ẹnikẹ́ni kò rí yín, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ibi tí iṣẹ́ kù sí

Nísinsìnyí kí a padà sí ọ̀dọ̀ àbúrò mi. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023 ní Ìlú Ọba, àti ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e ní Amẹ́ríkà, a fọwọ́ sí ìwòsàn kan tí ń jẹ́ Casgevy fún fòní-kú-fọ̀la-dìde. A ń kó sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ẹ̀jẹ̀ jáde lára aláìsàn, a ń fi ohun èlò wọ inú wọn nípa mànàmáná, a sì ń ṣe àtúnṣe kí wọ́n lè máa ṣe irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ inú oyún máa ń ní. Lẹ́yìn náà, a ó fi oògùn líle pa èyí tí ó kù nínú mùdùnmúdùn egungun aláìsàn kí a tó dá èyí tí a tún ṣe padà. Ó ń ṣiṣẹ́, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n iye rẹ̀ ní Amẹ́ríkà jẹ́ mílíọ̀nù méjì àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba dọ́là fún ẹnì kan. Iye ènìyàn mélòó ní Challenge tàbí ní abúlé wa ni ó lè san án?

Nítorí náà ni ìránṣẹ́ kékeré yìí ṣe ṣe pàtàkì fún wa ju fún ẹnikẹ́ni lọ. Bí a bá lè fi àtúnṣe náà sínú hóró ọ̀rá, tí a sì lè gún un bí abẹ́rẹ́ lásán, tí yóò wá ọ̀nà ara rẹ̀ dé inú egungun, kò ní sí ìdí láti wọ ilé ìwòsàn fún oṣù púpọ̀. Ìṣòro tí ó wà ni pé bí a bá gún hóró wọ̀nyí sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ń yà sí. Fún àrùn ẹ̀dọ̀, oore ni ìyẹn. Ní ọdún 2025, ní Philadelphia, a fi hóró ọ̀rá gbé àtúnṣe tí a ṣe fún òun nìkan lọ sínú ẹ̀dọ̀ ọmọ ọwọ́ kan tí a bí pẹ̀lú àrùn ìran tí ó ṣọ̀wọ́n, ara rẹ̀ sì yá sí i. Ṣùgbọ́n inú egungun ni tiwa wà. Ní ọdún 2023, àwọn onímọ̀ ní Philadelphia kan náà so ohun kan mọ́ ara hóró, bí àdírẹ́sì lára lẹ́tà, tí ó fi mọ sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ẹ̀jẹ̀ lára eku. Eku ni mo wí o. Títí di àkókò tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí, a kò tíì fọwọ́ sí irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ fún fòní-kú-fọ̀la-dìde lára ènìyàn.

Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí àwọn ẹlẹ́tàn. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìgò kan wá bá yín ní gáréèjì tàbí nínú ọkọ̀, tí ó sọ pé omi nano ni, pé ó ń wo àrùn ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà àti ojú dídùn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fi owó yín sí àpò. Oògùn òtítọ́ mọ ilé kan tí a rán an sí. Èyí tí ó sọ pé òun ń lọ sí ilé gbogbo, kò ní ibi tí ó ń lọ.

Ọwọ́ àwọn ará ilé

Ẹ má sì rò pé àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí kò sí ní àárín wa. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ yìí kan náà, ní Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí kan ti fi omi tí a rí lára èèpo obì, èèpo kòkó, àní okùn aláǹtakùn pàápàá, sọ èròjà fàdákà di hóró nánò tí ń pa àwọn kòkòrò àrùn kan nínú ìgò ìwádìí. Àwa tí a ń wo Ilé Kòkó ní Dúgbẹ̀ láti ọdún 1965, tí a mọ̀ pé hóró kòkó ni ó kọ́ ọ, mélòó nínú wa ni ó mọ̀ pé èèpo tí a ń dànù lóko náà ní iṣẹ́ tí ó lè ṣe? Ní Ifẹ̀, ní àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ ti yẹ orin ata wò nítorí àrùn ẹ̀jẹ̀ yìí. Ní oṣù kejì ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé dárúkọ Nàìjíríà mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́fà àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tí yóò gba ìmọ̀ ṣíṣe abẹ́rẹ́ mRNA. Ilẹ̀kùn ti ṣí díẹ̀. Àwọn ọmọ tí yóò wọlé ni kí a wá.

Ohun tí ó yẹ kí ẹgbẹ́ wa ṣe

Alága, ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ fi síwájú ẹgbẹ́ kí n tó jókòó.

Èkíní, kí ẹgbẹ́ wa ràn ilé ìtọ́jú ìlú wa lọ́wọ́ kí àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù lè wà fún gbogbo ọ̀dọ́ kí wọ́n tó yan ẹni tí wọn yóò fẹ́, kì í ṣe nígbà tí a ti pín ìwé ìgbéyàwó tán. Kí àwọn òbí mọ̀ pé bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó wà pé ọmọ náà yóò jẹ́ SS. Kì í ṣe pé bí a bá ti bí ọ̀kan tán, àwọn mẹ́ta tí ó kù yóò bọ́. Kí a sì máa yẹ ọmọ tuntun wò, nítorí pé ọmọ tí a bá tètè mọ̀ ni a lè tètè dáàbò bò lọ́wọ́ ibà àti àwọn àrùn mìíràn. Àwọn tí ó ti ní àrùn náà, kí wọ́n má ṣe pa oògùn òní tì nítorí oògùn ọ̀la. Hydroxyurea wà, ó sì ń dín ìrora kù. Ọwọ́ dókítà ni kí a ti gbà á, pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Èkejì, kí a ra fíríìjì tí ń fi agbára oòrùn ṣiṣẹ́ fún ilé ìtọ́jú náà. Abẹ́rẹ́ hóró ọ̀rá kì í fara da ooru. Ti Moderna ń fẹ́ òtútù ìwọ̀n 20 nísàlẹ̀ òdo nígbà tí a bá ń tọ́jú rẹ̀ pẹ́, ti Pfizer sì fẹ́ èyí tí ó sún mọ́ 70 nígbà tí ó kọ́kọ́ dé. Fíríìjì tiwa kò ní lè dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n yóò gba abẹ́rẹ́ tí a bá gbé wá láti Ìbàdàn fún lílò ọ̀sẹ̀ díẹ̀, yóò sì pa àwọn abẹ́rẹ́ ọmọdé yòókù mọ́. Ìlú tí kò ní fíríìjì, ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ni yóò máa dúró sí nígbà tí ìwòsàn tuntun bá ń kọjá lọ.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn ọmọ wa tí ó wà ní London, ní Houston àti ní ibi gbogbo dá owó jọ fún ẹ̀kọ́ ọmọ ìlú wa kan lọ́dọọdún, ọkùnrin tàbí obìnrin, tí ó bá fẹ́ kọ́ ìmọ̀ kẹ́mísírì, ìmọ̀ oògùn tàbí ìmọ̀ ìran. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni yóò di lọ́yà. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ìyá mi ti rí aṣọ àbúrò mi nínú àpótí náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí òun náà tó lọ. Mo ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ fún un nígbà náà. Ó gbọ́ ọ dé òpin, ó sì bi mí léèrè ohun kan péré: «Ṣé ẹ ti ń sọ ọ́ fún àwọn tí ó ń bí ọmọ nísinsìnyí?» Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo wá sọ ọ́ lónìí. Ẹ bá mi sọ ọ́ délé.